Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Kí Ìyá Ọkọ Mi

Ọmọ mi kì í ṣàìsàn ní ọjọ́ tí ara mi bá fúyẹ́. Mo ti fara balẹ̀ wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Tí mo bá jí láàárọ̀ tí orúnkún mi ń gbọ́ràn, tí ìka ọwọ́ mi lè de bọ́tìnì láìjanpata, ọmọ á jẹun, á ṣeré, á sì lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọjọ́ tí mo bá ní láti gbá ògiri mú kí n tó dé balùwẹ̀, ọjọ́ yẹn ni imú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọmọbìnrin ọdún méjì àbọ̀ ni. Kò mọ ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí ìyà máa jẹ ìyá rẹ̀.

Làkúrègbé ló ń bá mi fínra. Dókítà ní orúkọ òyìnbó kan tó ń pè é, orúkọ náà sì gùn débi pé mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ìgbà tí mo délé, n kò lè ka ohun tó kọ. Ohun tó yé mi nínú gbogbo àlàyé rẹ̀ ni pé kò ní pa mí, àti pé màá máa lo oògùn rẹ̀ lọ ni. Ó máa ń wà ní ọrùn ọwọ́, ó máa ń wà ní orúnkún, ó máa ń wà ní ìbàdí, bó bá sì ṣe wù ú ló ń pààrọ̀ ibùsùn. Kí n tó lóyún ọmọ yìí ni mo ti ń bá a gbé. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe nínú ilé wa ní Ìgbògbò, aṣọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń rán, mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ bá kọ̀. Ọkọ mi máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté láàárọ̀ kùtù lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹni tó wà lórí omi ṣe lè bá ni nu imú ọmọ.

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n pè mí láti jẹ́lé-ó-sinmi pé ara ọmọ gbóná. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ mú un. Bó ṣe rí mi báyìí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Pọ̀n mí."

Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi wà. Ọmọ Yorùbá tí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì ọsibítù rẹ̀. Ẹ lè fún un ní oògùn, ẹ lè fi táwẹ̀lì tútù nu ara rẹ̀, ẹ lè gbé fóònù tó ń fi àwòrán hàn síwájú rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń béèrè. Láti pọnmọ, obìnrin gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kó fi ọwọ́ kan gbá ìdí ọmọ mú, kó fi èkejì na aṣọ, kó tún so ọ̀já. Ìgbà kan tí mo dán an wò, ìbàdí mi há síbi tí mo tẹ̀ dé. Mo wà bẹ́ẹ̀ láàárín pálọ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ọmọ lẹ́yìn mi, ó ń sọ pé kí n máa lọ, títí obìnrin ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó háyà yàrá ẹ̀gbẹ́ wa fi wọlé wá gba ọmọ tó sì tú mi ká.

Ọgbọ́n tí èmi àti ọmọ wá dá ni pé màá dojú bolẹ̀ lórí ẹní, òun á gun ẹ̀yìn mi, màá wá ju aṣọ lé àwa méjèèjì. Ọmọ pípọ̀n ni, kìkì pé ẹni tó pọnmọ náà ti sùn sílẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n máa mi ìdí díẹ̀ kó lè dà bíi pé à ń rìn. Mò ń mì í. Kí n má parọ́, ibà rẹ̀ máa ń ṣe mí lóore. Ooru ara rẹ̀ á wọ inú egungun ìbàdí mi, ìrora á sinmi, ojú á wá tì mí pé àìsàn ọmọ mi ni mo fi ń gbádùn ara mi. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, obìnrin Ọ̀ṣun náà yọjú, ó bá wa nílẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"A ò ṣubú o. Mo pọnmọ ni."

Ó wò wá díẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ọmọ pípọ̀n o," ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Oògùn tún jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀. Àwọn ìyá tí ọwọ́ wọn dá, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á da oògùn sí i lẹ́nu, ó parí. Ọwọ́ tèmi kì í di nǹkan mú láàárọ̀. Ṣíbí àkọ́kọ́ padà sí mi lójú. Ṣíbí kejì bà sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, pupa oògùn náà kò sì bá ọṣẹ lọ, ni mo bá rán àpò lé e lórí. Ọmọ tó ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló ní àpò méjì ní gbogbo kíláàsì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó gbà wá ni pé ọmọ rí mi níbi tí mo ti ń gbé oògùn tèmi mì. Ó ní òun náà. A wá jùmọ̀ jókòó sílẹ̀: èmi gbé tèmi mì, mo lejú, òun mu tirẹ̀, ó lejú. Ó wá fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ó ti tán." Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún un gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni oògùn tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni tirẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán tí n kò ní nǹkan tí màá mu, ó pa ẹnu dé, ó ní mò ń rẹ́ òun jẹ. Ẹ̀pà ni mo fi ṣe oògùn ọ̀sán àti ti alẹ́. Mò ń lejú fún ẹ̀pà.

Ká ní wọ́n fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, à bá rí i ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ gbọ́, ìyẹn ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni Màmá ń yan tà níbẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ọmọdé tó wọn. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni mò ń sá fún. Nígbà tí táífọ́ọ̀dì dá àbúrò ọkọ mi obìnrin dùbúlẹ̀, Màmá wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí ara ìyá yá ná. Ọmọbìnrin náà ti wà ní pámárì fọ́ọ̀ báyìí. Ó mọ ẹja là ju ìṣirò lọ. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ lọ mú un, ó bi Màmá pé ta ni àǹtí yìí. Kò sí ìjà, kò sí ariwo, Màmá kàn ń sọ pé kí ara ìyá yá dáadáa ná. Ta ló sì fẹ́ bá ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Nítorí náà, látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, nǹkan kan kò ṣe mí rí. Tí Màmá bá pè lórí fóònù, tí wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ara ńkọ́?", màá ní, "Ara le koko, mà." Mo ti sọ ọ́ nígbà tí mo na gbalaja sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú bókẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná. Ọkọ mi mọ̀, òun náà sì ń bá mi pa á mọ́, nítorí òun náà kò fẹ́ kí ọmọ wa máa bi wá pé ta ni wá.

Òun náà ló sì tú u. Màmá pè é nínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, wọ́n bi í pé ọmọ ńkọ́, ó ní ó wà nílé, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí pẹ̀lú ohùn ẹni tó fọ́ àwo.

"Màmá ní àwọn ń bọ̀ wá wo ọmọ."

"Ìgbà wo?"

"Wọ́n ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́."

Mo dìde. Mo kó róòbù, mo kó ike omi gbígbóná, mo kó gbogbo páálí oògùn mi sínú ìkòkò ńlá tí a kì í lò, mo dé e. Mo ṣí fèrèsé kí òórùn róòbù lè jáde. Mo gbálẹ̀ ní ìjókòó. Mo kun páúdà. Mo rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń kọ́ bí ènìyàn ṣe ń rìn, ọmọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ibà lójú, ó ń wò mí bí ẹni ń wo fíìmù.

Màmá dé pẹ̀lú báàgì ẹja lọ́wọ́ kan àti ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀rù ni ó mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo lè fi ara ti ilẹ̀kùn kí n tẹ orúnkún díẹ̀, ṣebí ọmọ ayé òde òní ni wá, wọn kò ní bínú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rí ìyàwó tí ara rẹ̀ le. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, wìì, lórí táìlì.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn."

"O ṣeun, ìyàwó mi. Dìde."

Mo fẹ́ dìde. Orúnkún ní rárá.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"A dúpẹ́. Dìde, dìde."

"Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú iná ẹja." Òógùn ti ń la páúdà mi kọjá. Mo kí wọn kú ọdún tó ti kọjá. Mo kí wọn kú ìpalẹ̀mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí Yorùbá kò lè kí ènìyàn fún? Ọjọ́ yẹn ni mo rí òpin rẹ̀.

Màmá gbé báàgì wọn sílẹ̀. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n jókòó sórí àga, ojú wọn sì yí padà. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá kúnlẹ̀ tí wọ́n ní kó dìde tí kò dìde, ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀.

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan á ti dìde. Ṣé ìwọ àti ọmọ mi jà ni?"

"Rárá, mà."

"Ilẹ̀ bàbá ẹ̀ lẹ ti tà, àbí?"

"A ò ta ilẹ̀, mà."

Wọ́n ń fọkàn wá ẹ̀ṣẹ̀ tó tún kù. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ohunkóhun tó bá jẹ́, mo ti foríjì ẹ́. Dìde."

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

N kò dìde.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ fi kúrò lórí ẹní. Kò kí ìyá àgbà. Ó kọjá lára wọn, ó lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wọ́ àpótí kékeré tí mo fi ń jókòó fọṣọ jáde, ó wọ́ ọ dé iwájú mi, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì kí n lè rí ibi tí màá gbé ọwọ́ lé. Ó wá yí sẹ́yìn mi, ó fi orí àti ọwọ́ méjèèjì ti ìdí mi.

"Ó yá, Mọ́mì. Rọra."

Bí a ṣe máa ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti àpótí, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo sinmi, mo gbé èkejì, òun ń kùn lẹ́yìn bí ẹni tó ń ti mọ́tò. Nígbà tí mo dúró tán, ó pàtẹ́wọ́, ó wá kọjú sí ìyá bàbá rẹ̀. "Mọ́mì ti dìde," ó sọ fún wọn. Ó padà sórí ẹní rẹ̀, ó dùbúlẹ̀.

Màmá béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, mo ṣí ìkòkò, mo fi oògùn hàn wọ́n.

"Ara le koko," ni wọ́n ní, wọ́n ń sín mi jẹ. "Ara ta ló le koko? Gbogbo ọjà Ẹ̀pẹ́ ni mo ti sọ fún pé ìyàwó ọmọ mi kì í mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ẹnì kan ò kọ́ ẹ nílé yín ni?" Wọ́n dìde. "Kó aṣọ ọmọ."

Mo rí ọmọ mi níbi ààrò ní Ẹ̀pẹ́, ó ti dàgbà, ó ń wò mí bí àlejò. N kò gbó Màmá lẹ́nu rí láyé mi.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè fún yín lọ́mọ mi." Mo dúró sáàárín wọn àti ẹní ọmọ. "Ẹ lè máa bínú sí mi. Mi ò ní fún yín."

"Ta ló tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ? Mo ní kó o kó aṣọ ẹ̀. Kó tìrẹ náà mọ́ ọn."

Bí wọ́n ṣe kó àwa méjèèjì lọ nìyẹn, ọ̀nà Ìtòìkín, Màmá ń bá dẹ́rẹ́bà wí ní gbogbo kòtò. Wọ́n wá wo aláìsàn kan, wọ́n kó méjì délé. Ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí mo rò pé ọgbọ́n ni: ọmọ á dúró, èmi á nìkan padà.

Ní Ẹ̀pẹ́, ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìyàwó ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ jí, kó gbálẹ̀ àgbàlá, kó gbé omi ìwẹ̀ fún ìyá ọkọ. Èmi ni ìyá ọkọ ń gbé omi fún. Wọ́n á tẹ́ mi sórí ẹní, wọ́n á fi òrí àti ewé gbígbóná wọ́ mi lórúnkún, èmi á máa ké, ọmọ á máa wí fún mi pé ó ti tán. Àwọn ará ilé tó wá kí ọmọ aláìsàn á bá mi nílẹ̀ bí abiyamọ tuntun. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè pé ṣé mo tún bímọ ni. Mo jí ní ìdájí ọjọ́ kan, mo mú ìgbálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Màmá yọ sí mi nínú òkùnkùn, wọ́n gba ìgbálẹ̀ náà, wọ́n sì gbé e sórí àjà níbi tí ọwọ́ mi kò lè dé.

Ibà ọmọ lọ kíákíá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja, ó ń sanra. Màmá sì ń pọ̀n ọ́n. Wọ́n á fi ọ̀já so ó le, wọ́n á gbé e lọ sí etí ọ̀sà, wọ́n á gbé e lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á máa fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹja lórí ààrò nígbà tí òun ń sùn lẹ́yìn wọn. Inú bí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó bí mi, ó bí mi síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oorun ń kun ọmọ, ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rìn kọjá mi lọ bá wọn, ó ní, "Màmá, ẹ pọ̀n mí." Kò bojú wẹ̀yìn. Mo bú sẹ́kún lórí ẹní níbẹ̀, mo sì sọ fún ẹni tó wọlé pé èéfín ni.

Láràárọ̀, Màmá á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ara ńkọ́? Má purọ́." Èmi á sọ òótọ́: orúnkún òsì, tàbí ọrùn ọwọ́, tàbí pé ibi gbogbo ni. Wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ já ewé mìíràn. Mò ń rí i pé wọ́n ń retí. Ibà ọmọ ti lọ, ó yẹ kí tèmi náà máa lọ. Bí mo bá sọ pé bákan náà ni, ojú wọn á rẹ̀wẹ̀sì, ó sì ń ṣe mí bíi kí n padà sí "ara le koko" mi.

Àárọ̀ kan, mo jáde lọ bá wọn nídìí ààrò. Ọmọ wà lẹ́yìn wọn.

"Ara ńkọ́?"

"Bó ṣe wà lánàá náà ni, mà."

"Bó ṣe máa wà lọ́la náà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dá ọwọ́ dúró lórí ẹja. "Ṣé kò ní lọ ni?"

N kò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí, kódà fún ọkọ mi. Mo ní, "Kò ní lọ, mà." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti fi ọmọ tọrẹ, nítorí "kí ara ìyá yá ná" tí wọ́n máa ń sọ kò ní òpin mọ́ fún wa.

Màmá yí ẹja tó wà lórí ààrò, wọ́n yí gbogbo rẹ̀, wọn kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀, wọ́n sì rọra tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ múra, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín lọ́la," wọ́n ní. "Tá a bá ní ká dúró kí ara ẹ yá, ọmọ yìí á ti lọ sílé ọkọ."